Ẹ Má So Fáànù Mọ́ Iná Dárẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ fáànù kékeré tó wà nínú kọ̀ǹpútà, nínú ínfátà, nínú UPS àti nínú ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ IC kékeré tó ń ṣọ́ bí ara ẹ̀rọ ṣe gbóná tó, tó sì ń sọ fún fáànù náà bí yóò ṣe yára tó. Ẹni tó bá mọ òde Akọ́kà ní Èkó mọ bí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe pọ̀ tó. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó kún fún wọn, ilé ìtẹ̀wé tó wà ní òpópónà Ṣómólú kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn, ilé tí ínfátà kò sí ní Bàrígà sì ń dínkù lójoojúmọ́. Nígbà tí fáànù ọ̀kan nínú wọn kò bá yí mọ́, tàbí tó ń yí ní ìyíkuyìí, àtúnṣe kan wà tó ti di àṣà. Wọn a gé wáyà tó ń ti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ bọ̀, wọn a so fáànù mọ́ iná fólítì 12 dárẹ́ẹ̀tì, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, oníbàárà á gbọ́ ariwo rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì sanwó. Mo fẹ́ fi ẹ̀rí hàn yín pé ohun tí àtúnṣe yẹn ń gbà lọ́wọ́ ẹni pọ̀ ju ohun tó ń fúnni lọ. Ó ń gba ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ náà ní nípa ìlera ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ olóoru, eléruku, tí iná ti wọ́n bíi tiwa, a nílò ẹlẹ́rìí yẹn ju àwọn ará ilẹ̀ òtútù tó ṣe ẹ̀rọ náà lọ.

Kí a tó lè ṣèdájọ́, ó yẹ ká mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé ara òun gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ ínfátà àti UPS, thermistor ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: nǹkan dúdú kan tí kò ju orí ìṣáná lọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ heat sink, ìyẹn irin tó ń fa ooru kúrò lára ẹ̀rọ. Bí ooru bá ṣe ń mú un sí i ni agbára tó fi ń dènà iná ń dínkù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni ti kílò-ohm 10, ìyẹn nígbà tí ooru bá wà ní digírì 25. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i. Àwọn mìíràn ń lo LM35, IC ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń mú mílífólítì 10 jáde fún digírì kọ̀ọ̀kan. Bí yàrá bá wà ní digírì 33, mílífólítì 330 ni mítà yóò kà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni LM75, tí ilé iṣẹ́ National Semiconductor ní Amẹ́ríkà ṣe, kí Texas Instruments tó ra ilé iṣẹ́ náà lọ́dún 2011. LM75 lè ka ooru láti digírì 55 sábẹ́ òdo títí dé 125 lókè òdo, ó ń kà á ní ìdajì-ìdajì digírì, wáyà méjì péré ló sì fi ń kó nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú gbogbo wọn ni ti inú processor fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe processor máa ń fi transistor kékeré kan sínú rẹ̀, nítòsí ibi tí iṣẹ́ ti ń le jù. IC tó wà lóde á rán iná kékeré gba inú transistor náà, á wọn fólítì tó bá níbẹ̀. Á tún rán iná tó jẹ́ ìlọ́po ti àkọ́kọ́, bóyá ìlọ́po 10, á tún wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín fólítì méjèèjì ló ń sọ iye ooru. Bí iná kejì bá jẹ́ ìlọ́po 10 ti àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ náà máa ń fi nǹkan bíi máíkírófólítì 198 lé sí i fún digírì kọ̀ọ̀kan, máíkírófólítì kan sì jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù fólítì. Ohun tó dára nínú ọgbọ́n yìí ni pé bí transistor kan bá yàtọ̀ díẹ̀ sí òmíràn láti ilé iṣẹ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń pa ara wọn rẹ́ nígbà tí a bá yọ fólítì kan kúrò nínú èkejì. Kódà, 2N3904, transistor tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́kítíróníìkì ti fọwọ́ kàn rí, lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ fún irú IC bẹ́ẹ̀.

Tí IC bá ti mọ iye ooru, ó kù kó darí fáànù. Fáànù oníwáyà mẹ́rin inú kọ̀ǹpútà máa ń ní wáyà dúdú fún ilẹ̀, wáyà yẹ́lò fún fólítì 12, wáyà búlúù tí àṣẹ ń gbà wọlé, àti wáyà gíríìnì tí fáànù fi ń jábọ̀. Lórí wáyà búlúù, IC ń tan àmì, ó ń pa á, ní ìgbà 25,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àkókò tí àmì fi wà ní títàn bá ju àkókò tó fi wà ní pípa lọ, fáànù á yára. Bó bá dínkù, fáànù á rọra. Ìlànà tí Intel là sílẹ̀ fún fáànù oníwáyà mẹ́rin ni 25,000 yẹn ti wá, etí ènìyàn kì í sì í gbọ́ ohun tó bá ju nǹkan bíi 20,000 lọ, ìdí nìyẹn tí a kì í fi gbọ́ ohùn àṣẹ náà. Wáyà gíríìnì ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Nígbàkúùgbà tí fáànù bá yípo lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń ta àmì méjì sórí wáyà yìí. IC á ka àwọn àmì náà, á sì mọ̀ bóyá fáànù gbọ́ àṣẹ òun, tàbí eruku ti há a mọ́lẹ̀, tàbí bearing rẹ̀ ti ń kú lọ. Tí a bá wá so fáànù mọ́ iná dárẹ́ẹ̀tì, kò sí àṣẹ tó ń gba wáyà búlúù wọlé mọ́, fáànù sì ń jábọ̀ lórí wáyà gíríìnì fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Àwọn tó ṣe IC wọ̀nyí ronú jìnnà. LM75, bó ṣe ń jáde láti ilé iṣẹ́, máa ń figbe ta nígbà tí ooru bá dé digírì 80, kì í sì í dákẹ́ títí ooru yóò fi sọ̀ kalẹ̀ dé 75. Àlàfo digírì márùn-ún yẹn ni kì í jẹ́ kí fáànù máa tàn kó tún máa kú láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Fáànù tó dúró nílò agbára tó pọ̀ láti gbéra ju èyí tó nílò láti máa yí lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ IC máa ń fún un ní iná kíkún fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó dín in kù sí ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì lè ṣètò pé bí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá já, kí fáànù sáré dé òpin agbára rẹ̀, kí ẹ̀rọ má bàa jóná níbi tí kò sí ojú. Fún ìdí yìí, bí ẹ bá bá ínfátà tàbí kọ̀ǹpútà kan tí fáànù rẹ̀ ṣàdédé ń ké tantan láìsinmi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìkìlọ̀ ló ń fún yín. Ẹni tó bá gé wáyà sẹ́ńsọ̀ láti dá a lóhùn ti pa ẹni tó ń kìlọ̀ lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo owó tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní òfin kan tí wọ́n fi ń ṣírò fáànù: bí eré fáànù bá dínkù sí ìdajì, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ náà á dínkù sí ìdajì, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ á dínkù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdá kan nínú mẹ́jọ! Ariwo rẹ̀ náà á lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 15, èyí tó tó láti sọ yàrá tí a kò ti lè gbọ́ ara wa di ibi tí ènìyàn ti lè kàwé. Ká ní server kan wà ní ọ́fíìsì kan ní Akọ́kà, tó ní fáànù mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 12 nígbà tó bá ń sáré tán. Wáàtì 72 ni àpapọ̀ wọn. Ní ìdajì eré, wáàtì 9 ni gbogbo wọn yóò jẹ. Wáàtì 63 tó jẹ́ ìyàtọ̀ wọn, bí a bá kà á fún wákàtí 24, ó ju kílówáàtì-wákàtí kan àtààbọ̀ lọ díẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, kéde naira 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn pọ̀ jù lójúmọ́. Ní iye yẹn, fáànù wọ̀nyí ń jẹ nǹkan bíi naira 340 dànù lójúmọ́, èyí tó ju naira 10,000 lọ lóṣù, lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí ọ́fíìsì náà bá wá ń lo bátìrì fólítì 12 tó jẹ́ 200Ah lóru, wáàtì-wákàtí 2,400 ló wà nínú rẹ̀ lórí ìwé, ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bátìrì ásíìdì kì í jẹ́ kó lọ ju ìdajì lọ. Láàárín wákàtí mẹ́wàá, ìyàtọ̀ wáàtì 63 yẹn ti jẹ 630 nínú 1,200 tó ṣeé lò. Mo mọ̀ pé fáànù kò ní wà ní ìdajì eré ní gbogbo ìgbà. Lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kejì, tí AC kò ṣiṣẹ́, yóò sáré gan-an, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Awakọ̀ dáńfó tó mọṣẹ́ kì í tẹ iná mọ́lẹ̀ bákan náà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Bàrígà àti lórí afárá Third Mainland tó ṣófo ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Síbẹ̀, owó iná kọ́ ló ká mi lára jù. Eruku ni. Láti oṣù kejìlá wọ oṣù kejì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń gbé eruku láti aṣálẹ̀ wá bá wa, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, ibi tí àwọn onímọ̀ gbà pé eruku ti ń gbéra jù ní gbogbo ayé. Ní Ṣómólú, ti ilé ìtẹ̀wé tún kún un: ẹ̀rọ tó ń gé bébà máa ń tú ìyẹ̀fun bébà sínú afẹ́fẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ìwé ìpolongo àti káàdì ìgbéyàwó sì sábà máa ń wà nínú yàrá kan náà. Eruku tó ń wọ inú ẹ̀rọ ń tẹ̀lé iye afẹ́fẹ́ tó ń gbà á kọjá. Fáànù tó ń sáré tán lóru àti lọ́sàn-án, nígbà tí ìdajì eré ì bá tó o, ń kó afẹ́fẹ́ ìlọ́po méjì wọlé, ó sì ń kó eruku wọn pọ̀ mọ́ ọn. Láàárín oṣù díẹ̀, àárín heat sink á dí bámúbámú. Bearing fáànù náà á sì tètè jẹ, nítorí ìyípo tó yẹ kó lò fún ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti mú un lò láàárín ìgbà kúkúrú.

Ibí yìí gan-an ni ẹlẹ́rìí ti wúlò. Fáànù tí IC ń darí kì í lè fi eruku pamọ́. Bí heat sink bá ń dí díẹ̀díẹ̀, ooru ara processor á máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, IC á sì máa fi kún eré fáànù láti dá a padà. Iṣẹ́ kan náà, yàrá kan náà, àkókò kan náà lóòjọ́, ṣùgbọ́n fáànù tó ń yí ní 1,800 láàárín ìṣẹ́jú kan lóṣù kọkànlá ti wá ń yí ní 2,600 lóṣù kìíní. Ẹni tó ń lò ó á gbọ́ ọ létí kó tó di pé ohunkóhun bàjẹ́, yóò sì ní kí wọ́n bá òun fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde. Kékeré la ti ń pẹkàn ìrókò. Ṣùgbọ́n fáànù tó wà lórí iná dárẹ́ẹ̀tì, ohùn kan náà ló ń ní lọ́jọ́ tí heat sink mọ́ tónítóní àti lọ́jọ́ tó dí pátápátá. Ìgbà tí olóhun yóò mọ̀ ni ìgbà tí processor bá dé nǹkan bíi digírì 100, tí òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré iṣẹ́ rẹ̀ kù kó má bàa jó. Kọ̀ǹpútà á máa falẹ̀. Wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́, wọ́n á pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, wọ́n á fi Windows tuntun sí i, kọ̀ǹpútà á sì tún falẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Àwọn kan yóò sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, pé IC tí wọ́n ṣe fún yàrá olótùútù kò lè mọ ooru Èkó, nítorí náà kí fáànù sáré ní gbogbo ìgbà ló bọ́gbọ́n mu. Mo gbà pé ilẹ̀ wa gbóná. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ọ̀sán Èkó máa ń dé digírì 32 tàbí 33 dáadáa. Ṣùgbọ́n ara processor ni sẹ́ńsọ̀ wà, kì í ṣe ara ìwé tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ òkèèrè. Bí yàrá bá fi digírì mẹ́jọ gbóná ju yàrá ilẹ̀ òtútù lọ, tí fáànù kò tíì yí eré padà, ara processor náà á fi nǹkan bíi digírì mẹ́jọ gbóná sí i, sẹ́ńsọ̀ á rí i, IC á sì mú fáànù yára. Ooru Èkó ti wà nínú ohun tó ń kà. Òru Akọ́kà ńkọ́, tí ooru máa ń wà ní nǹkan bíi 24 tàbí 25, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà? Fáànù orí iná dárẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ohun kan wà nínú àtakò yìí tó tọ́ ṣá o, mi ò sì ní fojú fò ó: ìwọ̀n ooru tí fáànù yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yára, àti bí yóò ṣe yára sí i tó fún digírì kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ohun tí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù ti yàn. Nínú IC bíi ADT7473, tí Analog Devices kọ́kọ́ ṣe, nọ́ńbà méjèèjì wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè kọ òmíràn lé. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, a lè yí wọn padà nínú BIOS láìra ohunkóhun. Bí nọ́ńbà náà kò bá bá ilẹ̀ wa mu, ẹ jẹ́ ká yí nọ́ńbà náà.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ, ọwọ́ àwọn onímọ̀ ló sì ti wá. Lọ́dún 2007, Eduardo Pinheiro, Wolf-Dietrich Weber àti Luiz André Barroso, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ Google, gbé ìwádìí jáde lórí hard disk tó lé ní 100,000. Wọ́n rí i pé ooru kò ba disk jẹ́ tó bí gbogbo ayé ṣe rò. Kódà, àwọn disk tí ara wọn tutù jù ń bàjẹ́ ju àwọn tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ. Ooru gíga gan-an nìkan ló fi ìpalára hàn, pàápàá lára àwọn disk tó ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹnìkan lè wá bi mí pé kí ni mo ń dààmú ara mi sí. Èmi rò pé ìwádìí yìí ń gbe ohun tí mo ń sọ lẹ́sẹ̀. Bí títutù ju bó ṣe yẹ lọ kò bá ṣe ẹ̀rọ ní àǹfààní, kí wá ni ìdí tí a fi ń jẹ iná láti mú un tutù ju bó ṣe yẹ lọ? Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ìwádìí náà ń tọ́ka sí, IC ló sì lè di ìwọ̀ntúnwọ̀nsì mú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, disk nìkan kọ́ ló wà nínú ẹ̀rọ. Kàpásítọ̀ inú ínfátà àti power supply kọ̀ǹpútà kún fún omi kẹ́míkà tó ń gbẹ, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì fi ń ṣírò pé bí ooru bá fi digírì mẹ́wàá dínkù, ẹ̀mí rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Èyí tí wọ́n kọ wákàtí 2,000 ní digírì 105 sí lára á lo 16,000 ní digírì 75, á sì lo 32,000 ní digírì 65. Tí ẹ̀rọ náà kò bá sinmi rárá, èyí àkọ́kọ́ kò pé ọdún méjì, èkejì lé ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Àwọn disk tí Google wò wà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú afẹ́fẹ́ dáadáa. Ìlẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ṣí sílẹ̀ gbagada sí títì, ìgbóná gíga tí ìwádìí wọn ṣe ìkìlọ̀ nípa rẹ̀ sì súnmọ́ tiwa ju tiwọn lọ.

Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni ti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n ní oníbàárà fẹ́ lo ẹ̀rọ rẹ̀ lónìí, IC náà kò sí lọ́jà, bọ́ọ̀dù tuntun sì wọ́n ju ẹ̀rọ lọ. Òótọ́ ni. Bí ilé ìtẹ̀wé bá ní iṣẹ́ tí yóò jáde lọ́la, kí wọ́n so fáànù mọ́ iná dárẹ́ẹ̀tì fún alẹ́ ọjọ́ kan, mi ò lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ínfátà, IC kọ́ ló bàjẹ́. Ẹ rántí thermistor kílò-ohm 10 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Digírì 25 ló ti ń jẹ́ 10. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní digírì 33, thermistor tó dára pátápátá, bó bá jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, yóò ka nǹkan bíi 7. Ẹni tí kò mọ èyí á ní sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é. Ìdánwò tó tọ́ rọrùn: ẹ fi mítà sí i, ẹ fi ìka méjì dì í mú, kí ẹ sì máa wo nọ́ńbà. Bó bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìka ṣe ń mú un gbóná, tó sì ń padà sókè nígbà tí ẹ fi í sílẹ̀, ó wà láàyè. Kó jẹ́ pé wáyà rẹ̀ ló já, tàbí kó jẹ́ pé ó ti ṣí kúrò lára heat sink. Bó bá sì ti kú lóòótọ́, ó wà lára àwọn èèlò tó pọ̀ jù tó sì rọjú jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣẹ́ ẹlẹ́kítíróníìkì. Ohun tí mi ò lè gbà rárá ni kí wọ́n gbé àṣà gígé-sẹ́ńsọ̀ yìí dé ìdí fuser ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, níbi tí rólà ti ń gbóná tó nǹkan bíi digírì 180 sí 200 lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà gbígbẹ. Iná lè sọ níbẹ̀.

Ó wá kan àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa. Akọ́kà ní Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962, ó ní Federal College of Education (Technical), tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967 láti máa kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ níṣẹ́ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ àṣekágbá kan wà tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹ́kítíróníìkì káàkiri Nàìjíríà: LM35 kan, Arduino kan, fáànù kan, tí fáànù á yára bí yàrá bá gbóná. Iṣẹ́ tó dára fún ìbẹ̀rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá parí rẹ̀ síbẹ̀, ìdajì ni wọ́n ṣe. Àṣẹ wà níbẹ̀, ìjábọ̀ kò sí. Fáànù náà lè ti dúró pátápátá kí Arduino sì máa kọ ọ́ sójú screen pé fáànù ń sáré. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ béèrè wáyà gíríìnì lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Kí wọ́n ka àmì méjì fún ìyípo kan, kí wọ́n fi ọwọ́ dá fáànù dúró níwájú yín, kí ẹ̀rọ wọn sì sọ fúnra rẹ̀ pé fáànù ti dúró. Kí wọ́n fa wáyà sẹ́ńsọ̀ yọ, kí ẹ sì wò ó bóyá fáànù á sáré dé òpin tàbí á kú. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe IC ti yanjú méjèèjì láti ìgbà pípẹ́.

Ohun kan sì kù tí ẹnikẹ́ni ní òkèèrè kò ní bá wa ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fáànù máa ń tẹ ìwé tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tí fáànù wọn lè fẹ́, ṣùgbọ́n inú ilé àyẹ̀wò tó mọ́ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Fáànù tó lo oṣù mẹ́ta nínú ìyẹ̀fun bébà Ṣómólú kò sí nínú ìwé wọn. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lè wọn irú fáànù bẹ́ẹ̀: kí wọ́n bẹ ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta ní Ṣómólú àti ṣọ́ọ̀bù méjì ní Akọ́kà, kí wọ́n fi 2N3904 kan síta láti máa ka ooru yàrá, kí wọ́n máa kọ ooru processor àti ìyípo fáànù sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí, kí wọ́n sì wọn eruku tí wọ́n bá fẹ́ jáde nínú heat sink lópin oṣù. Láti inú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ kan ní Bàrígà yóò ti lè sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí fáànù yín bá kọjá 2,400 ní òwúrọ̀, ẹ gbé e wá kí n fẹ́ ẹ.” Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ bíi lm-sensors lórí Linux ti ń ka àwọn nọ́ńbà náà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà láìsí wáyà kankan tí wọn yóò lẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lóṣù kọkànlá, kí wọ́n lè ní nọ́ńbà tó mọ́ lọ́wọ́ kí ọyẹ́ tó dé.